Kírímù àgbọn mi ń yọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin tẹ́ẹ máa ń ṣe kéèkì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí ní Sátidé, mílíìkì màlúù ò sì bá a lára mu rárá, tó bá ti mu ún báyìí inú ẹ̀ á máa kùn, ni mo bá ní kí n fi wàrà àgbọn ṣe kírímù tí màá fi bo kéèkì ẹ̀. Ti inú agolo ti wọ́n jù, àgbọn gidi ni mo rà l'Ọ́jà Ọba, mo rin ín, mo fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún un, mo gbé e sí fíríìjì mọ́jú. Ọ̀rá ẹ̀ dì sókè dáadáa, mo bù ú kúrò lórí omi, mo da áísìn ṣúgà sí i, mo fi míṣà lù ú. Ó wú, ó funfun báláú, àfi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, ẹ sáà mọ ooru Àkúrẹ́, ọ̀rá àgbọn ò sì lè dì níbi tó bá ti gbóná ju nǹkan bíi 24°C lọ.

Ṣé kí n dín omi tí mo fi ń fún un kù ni? Ẹnì kan ní kí n fi kọnfiláwà díẹ̀ sí i, ṣé kò ní máa ta lẹ́nu? Àti pé Oǹdó ni wọ́n ti fẹ́ ṣe é, ṣé kúlà oníyìnyín á gbé e débẹ̀ àbí kí n kúkú lọ lù ú lọ́hùn-ún?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ní kí n ra èyí tó jẹ́ lẹ́búlẹ́bú o, ọ̀pọ̀ nínú wọn tí wọ́n kọ "non-dairy" sí lára, tẹ́ẹ bá wo ẹ̀yìn páálí ẹ̀ ẹ máa rí sodium caseinate, ara mílíìkì náà nìyẹn.