Àwa 34 la jọ jáde, orúkọ 27 péré ni mo rántí

Mọ́nítọ̀ Àtijọ́

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ilé-ìwé girama kékeré kan ní ìlú kékeré ni mo lọ. Kíláàsì kan péré ló wà fún ọdún kọ̀ọ̀kan, ẹni tẹ́ ẹ bá jọ jà lónìí, òun náà lẹ jọ máa jókòó sórí bẹ́ńṣì lọ́la. Àwa 34 la ṣe ìdánwò àṣejáde lọ́dún 1986. Ó ti di 40 ọdún, àwọn tó kù nínú wa sì fẹ́ pàdé. Wọ́n ní kí n ṣe ìwé pẹlẹbẹ kan tí a ó fi rántí sẹ́ẹ̀tì wa: orúkọ gbogbo wa, fótò, ìtàn ṣókí nípa ẹnì kọ̀ọ̀kan, àti àwọn tó ti lọ. Èmi ni mọ́nítọ̀ tó máa ń kọ orúkọ àwọn aláriwo sílẹ̀ nígbà náà, wọ́n ní kò sẹ́ni tí iṣẹ́ náà tọ́ sí bí èmi.

Mo mú bébà lọ́sàn-án Sátidé, mo rò pé wẹ́rẹ́ ni máa parí ẹ̀. Mo kọ orúkọ 27, ọwọ́ mi dúró. Ọ̀kan nínú àwọn méje tó kù, mo ń rí i kedere. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló máa ń jókòó. Bí olùkọ́ ìṣirò bá ti ń wọlé báyìí, á ti máa feyín gé èékánná. Ọwọ́ súwẹ́tà rẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ, torí ìyá rẹ̀ ló hun ún fún un. Orúkọ rẹ̀ ò wá. Àdàbà, ìnagijẹ tí a fún un, nìkan ló kù lẹ́nu mi. Ṣé Àdàbà ni mo fẹ́ kọ sínú ìwé ìrántí?

Ìkejì, ọmọkùnrin kan wà tí mo lè búra pé ó bá wa wà ní kíláàsì tó gbẹ̀yìn. Àpá wà lókè ojú òsì rẹ̀, ó sì mọ bọ́ọ̀lù gbá. Àwọn méjì tí mo bi léèrè ní kò sẹ́ni tó jọ bẹ́ẹ̀ láàárín wa rí.

Ìkẹta ló le jù. Ọmọbìnrin kan bá wa bẹ̀rẹ̀ láti ọdún àkọ́kọ́. Ó ku oṣù díẹ̀ ká ṣe ìdánwò ni wọ́n ní kó máa lọ sílé, torí ó lóyún. Àwọn kan nínú wa ní ká kọ orúkọ rẹ̀, àwọn kan ní ẹni tó bá jáde ló ni sẹ́ẹ̀tì. Kí lẹ rí sí i?

Aláriwo Kejì

Ẹni tó ń kọ orúkọ aláriwo ló wá gbàgbé orúkọ! Ẹ lọ wá ìwé aláriwo yẹn jáde. Gbogbo wọn á pé síbẹ̀, àwọn mìíràn á tiẹ̀ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Tíṣà Àgbà

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́. Má bẹ̀rẹ̀ láti orí ara rẹ, inú ìwé ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún 31 ni mo lò nídìí iṣẹ́ olùkọ́. Ìwé mẹ́ta ni kó o béèrè: ìwé ìgbàwọlé, tó ń sọ ọjọ́ tí ọmọ dé àti ọjọ́ tó kúrò, rẹ́jístà kíláàsì, tí a fi ń sàmì sí ẹni tó wá àti ẹni tí kò wá, àti orúkọ àwọn tí ilé-ìwé fi sílẹ̀ fún ìdánwò. Wọn kì í bára mu. Ẹlòmíràn á wà nínú rẹ́jístà, wàá wá a tì nínú ti ìdánwò. Ibẹ̀ gan-an lo ti máa rí àwọn tó kúrò lójijì.

Kọ lẹ́tà ránṣẹ́ kó o tó lọ. Má sọ pé o fẹ́ gbé ìwé lọ sílé o, wọn ò ní fún ẹ. Jókòó síbẹ̀ kó o dà á kọ. Má sì fi itọ́ ṣí ojú ewé, ìwé tó ti gbó kì í gba itọ́.

Onísàíkọ́lọ́jì

Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ogbó ló ń dà yín láàmú. Lọ́dún 1975, Harry Bahrick àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà yẹ irú ọ̀rọ̀ yìí wò. Wọ́n kó èèyàn 392 jọ, láti ẹni ọdún 17 dé ẹni ọdún 74, wọ́n sì fi fótò inú ìwé ìrántí ìjáde ilé-ìwé girama tiwọn gan-an dán wọn wò. Kódà ní nǹkan bí ọdún 35 lẹ́yìn tí wọ́n jáde, wọ́n ṣì ń ṣa ojú ẹlẹgbẹ́ wọn láàárín ojú àjèjì bí ẹni pé àná ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí wọ́n ṣáà máa pe orúkọ, láìsí fótò lọ́wọ́, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú. Bí ẹ ṣe ń rí ojú Àdàbà tí orúkọ rẹ̀ kò wá, ohun tí wọ́n rí náà nìyẹn.

Torí náà, ẹ má jókòó ti bébà òfìfo. Lọ́dún 1981, Williams àti Hollan ní kí èèyàn mẹ́rin máa pe orúkọ àwọn tí wọ́n jọ wà nílé-ìwé girama, kí wọ́n máa sọ ohun tó ń lọ lọ́kàn wọn jáde bí wọ́n ṣe ń rántí. Wọ́n jókòó títí, wọ́n tún padà wá lọ́jọ́ mìíràn, orúkọ tuntun ṣì ń yọ. Ńṣe ni wọ́n ń fọkàn rìn káàkiri: ta ló ń jókòó síbí, ta la jọ ń gbá bọ́ọ̀lù, ta la jọ ń rìn lọ sílé. Ẹ ya kíláàsì yín sórí bébà, bẹ́ńṣì sí bẹ́ńṣì, kẹ́ ẹ máa fi èèyàn kún un. Ẹ fi sílẹ̀ bó bá sú yín, ẹ padà sí i lọ́la.

Àmọ́ nínú iṣẹ́ yẹn kan náà, orúkọ ẹni tí kò bá wọn kàwé rí náà ń yọjú, pàápàá bí wọ́n ṣe ń pẹ́ sí i lórí rẹ̀. Ọmọ bọ́ọ̀lù yẹn… mi ò ní sọ púpọ̀. Ẹ má sì da ìbéèrè sáàárín gbogbo wọn lórí WhatsApp. Ohun tí ẹni àkọ́kọ́ bá sọ ni àwọn tó kù máa rántí. Ẹ bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Oníkámẹ́rà

Ọ̀rọ̀ fótò nìkan ni tèmi. Bí ẹnikẹ́ni bá ní fótò sẹ́ẹ̀tì, ẹ má jẹ́ kó fi fóònù yà á láti ẹ̀yìn gíláàsì kó wá tì í ránṣẹ́ lórí WhatsApp. WhatsApp á fún un pọ̀, ojú àwọn tó wà nílà ẹ̀yìn á di bàìbàì. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú férémù, kẹ́ ẹ lo skánà ní dpi 600 (dpi ni ìwọ̀n bí àwòrán ṣe máa hàn kedere tó), torí ojú èèyàn 34 nínú fótò kan ṣoṣo kì í tóbi ju èékánná lọ. Bó bá ti lẹ̀ mọ́ inú álíbọ́ọ̀mù, ẹ má fà á ya. Òwú tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń yọ nǹkan láàárín eyín ni kẹ́ ẹ rọra tì bọ abẹ́ rẹ̀. Pẹ́ńsù rírọ̀ ni kẹ́ ẹ fi kọ orúkọ sẹ́yìn fótò. Bírò máa ń tẹ̀ yọ sójú èèyàn níwájú.

Ọ̀rọ̀ Ò Gùn

Ẹni tó jáde ni kẹ́ ẹ kọ. Bẹ́ ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tó kúrò, ẹ ó ka ẹni tó wá lo ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìyá Ìbejì

Ẹ jẹ́ n dá ẹni tó wà lókè mi lóhùn. Èmi ni irú ọmọ yẹn. Ọdún mẹ́rin ààbọ̀ ni mo bá wọn jókòó. Ẹni tó gba ipò kìíní nínú wọn, èmi ni mo máa ń bá a tún ìṣirò tí kò yé e ṣe. Nígbà tí wọ́n pé 25 ọdún, wọ́n ṣe ìwé ìrántí. Fótò ọdún kẹrin ni wọ́n lò, èmi rèé ní ìlà iwájú, mo ká ẹsẹ̀ jọ. Wọ́n to orúkọ ìlà náà láti òsì sí ọ̀tún. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n fò mí. Wọ́n wá fi orúkọ ẹni tó wà lápá ọ̀tún mi sábẹ́ ojú mi, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo orúkọ tó kù sún síwájú. Títí dòní, èèyàn mẹ́ta ń jẹ́ orúkọ onílé-ẹ̀gbẹ́ wọn nínú ìwé yẹn torí kí orúkọ tèmi má bàa wà níbẹ̀.

Ẹ má bá ọmọbìnrin yín yẹn pinnu. Ẹ pè é, kẹ́ ẹ bi í bóyá ó fẹ́. Bó bá kọ̀, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ má bínú. Àmọ́ kì í ṣe mọ́nítọ̀ ni kó pè é o, ẹ má bínú sí mi. Ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tó kúrò níbẹ̀ ni kó pè é, bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà.

Mọ́nítọ̀ Àtijọ́ (ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà)

Mo ti dé o. Tíṣà Àgbà, ẹ ṣeun, sà. Rẹ́jístà náà ṣì wà, eku ti jẹ etí rẹ̀ kan. Mẹ́fà nínú àwọn méje wà níbẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ojú ewé tí orúkọ Àdàbà ì bá wà gan-an ni eku jẹ.

Mo bá ya kíláàsì sórí bébà. Lọ́jọ́ kẹta tí mo dé bẹ́ńṣì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, orúkọ Àdàbà kọ́ ló wá, orúkọ àbúrò rẹ̀ ni, tó máa ń wá dúró dè é lẹ́nu géètì. Ìlú kékeré náà ní èrè tirẹ̀, ẹni kẹta tí mo pè ló fún mi ní nọ́ńbà àbúrò náà. Àdàbà ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Àbúrò rẹ̀ ò tiẹ̀ mọ̀ pé a ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní kí n kọ orúkọ méjèèjì.

Ní ti ọmọ bọ́ọ̀lù, mo jẹ̀bi. Kò sí nínú rẹ́jístà wa, ti àwọn tó ṣáájú wa ló wà. Àpá yẹn ńkọ́? Ẹni tí èmi àti ẹ̀ jọ ń jókòó ló ni ín. Ojú ẹnì kan ni mo ti ń so mọ́ ẹsẹ̀ ẹlòmíràn láti 40 ọdún.

Ẹnìkejì ọmọbìnrin wa lórí bẹ́ńṣì ló pè é. Ó ní òun fẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni ibi tí a máa fi orúkọ òun sí, ó ti gbọ́ pé àwọn kan fẹ́ tì í sísàlẹ̀ lábẹ́ "àwọn tí kò parí". Mo ní kí wọ́n sọ fún un pé bí lẹ́tà orúkọ bá ṣe tẹ̀ léra la máa tò ó. Nọ́ńbà 11 ló bọ́ sí. A ti di 35.