Ó ti yanjú: kọ̀ǹpútà ẹ̀yìn ti ń gba TightVNC wọlé

Ẹ kú àdúrótì o. Ẹ rántí pé mo bèèrè ìdí tí kọ̀ǹpútà iwájú ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ẹ̀gbọ́n mi n'Íjẹ̀bú-Òde kò fi lè fi TightVNC (ètò tá a fi ń darí kọ̀ǹpútà kan láti orí òmíràn) darí ti ẹ̀yìn mọ́ látìgbà tá a ti pààrọ̀ router. Firewall, ìyẹn ètò tó ń ṣọ́ ohun tó ń gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọ kọ̀ǹpútà, ló dí i lọ́nà. Windows ka nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun náà sí Public (ti ìta gbangba), bẹ́ẹ̀ Private (ti ilé tàbí ibi iṣẹ́ ẹni) nìkan ni òfin tó fún TightVNC láyè wà fún. Mo wọ Settings, mo yí i sí Private, ojú kọ̀ǹpútà ẹ̀yìn sì yọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n kúkú pa firewall, ẹ ṣeun, àmọ́ mi ò ní gbà. Flash oníbàárà oríṣiríṣi tó lè gbé fáírọ́ọ̀sì wá ló ń wọ ibẹ̀, pàápàá báyìí tí iṣẹ́ àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ fún Ojúde Ọba ti ń rọ́ dé. Kódà, mo tún mú ààbò náà le sí i: nínú Inbound Rules (àwọn òfin firewall fún ohun tó ń wọlé), lábẹ́ Scope, àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà iwájú nìkan ni mo gbà láyè lórí pọ́ọ̀tù 5900, ẹnu ọ̀nà tí TightVNC ń gbà. Mi ò sì ṣí 5900 lórí router rárá, kí ẹnikẹ́ni má bàa gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé tààrà. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé láti Ṣágámù, kó gba VPN (ọ̀nà àdáni tó ní ààbò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì).

Ẹ̀gbọ́n ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ yín gidigidi. Ẹ jẹ́ ká pa ọ̀rọ̀ yìí dé.