Mage ń pa Rogue mi ní gbogbo ìgbà (World of Warcraft Classic, eré orí kọ̀ǹpútà)

Ẹsẹ̀-ò-dún: Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Mo ń fi Rogue mi (ajagun tó ń yọ́ rìn) yọ́ dé ẹ̀yìn mage (onídán) láìjẹ́ kó rí mi, màá lu Cheap Shot (ìkọlù tó ń mú ọ̀tá dákú díẹ̀), màá wá máa tẹ Sinister Strike (ìkọlù mi tó wọ́pọ̀) léraléra. Kí n tó mọ̀, ó ti fi Blink (idán tó ń gbé e fò síwájú lójijì) já gbà, Frost Nova (idán yìnyín rẹ̀) ti dè mí mọ́lẹ̀, ó ń fi yìnyín lù mí láti òkèèrè. Ó ń dùn mí gan-an.

Arìnlóru: Ìkánjú ni, ọ̀rẹ́. Energy (agbára tí ìkọlù ń jẹ) 100 lo ní, Cheap Shot nìkan gbé 60. Ogójì tó kù kò tó Sinister Strike, àfi tí talent (àfikún tí o yàn fún Rogue rẹ) bá ti dín iye tó ń gbé kù. Ohun tó ń padà wọlé ò ju 20 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá 2-2. Èmi náà ti tẹ bọ́tìnnì yẹn títí ìka fi ń ro mí! Blink rẹ̀ ni kí o máa ṣọ́. Tó bá ti lò ó, kò ní í rí i lò fún ìṣẹ́jú àáyá 15. Tí Frost Nova bá dè ọ́, Vanish (ọgbọ́n ìpòórá Rogue) máa tú ọ sílẹ̀. Yọ́ padà sẹ́yìn rẹ̀, kí o tún bẹ̀rẹ̀.

Òjìji: Má sì gba iwájú rẹ̀ kọjá o. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tètè ríni.

Ẹsẹ̀-ò-dún: Mo ti fi Vanish pamọ́ lánàá títí ó fi lo Nova. Mo pa á! Ẹ ṣeun gan-an.