Àdán arìnlẹ̀ ló yẹ ẹ́, kì í ṣe àdán onírùkúkúrú

Ẹ kú àròjinlẹ̀ o. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé ká máa pe Mystacina, àdán Nìú Sílándì, ní "àdán onírùkúkúrú", torí bẹ́ẹ̀ ni Òyìnbó ń pè é. Mi ò fara mọ́ ọn. Ìrù yẹn kàn ń yà á sọ́tọ̀ sí Chalinolobus tuberculatus ni, àdán onírù gígùn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀. Tó bá wá kan àwọn ìbátan rẹ̀ tó ti kú àkúrun ńkọ́? Eyín àti àfọ́kù eegun ni wọ́n fi dá Vulcanops jennyworthyae mọ̀, èyí tí wọ́n wú nítòsí St Bathans ní Nìú Sílándì, tí wọ́n sì kéde lọ́dún 2018. Ta ló rí ìrù rẹ̀?

Ìrìn ló yẹ ká mú, ká máa pè é ní "àdán arìnlẹ̀". Mystacina a ká apá rẹ̀ wọ abẹ́ awọ líle tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, a fọwọ́ tẹlẹ̀, a sì máa tú abẹ́ ewé gbígbẹ wá kòkòrò. Èékánná àtàńpàkò àti ti ẹsẹ̀ rẹ̀ tún yọ ẹ̀gún kékeré nídìí, tó fi ń di nǹkan mú. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ lá omi dídùn òdòdó Dactylanthus taylorii tó ń hù mọ́ gbòǹgbò igi, lẹ́búlẹ́bú òdòdó náà a sì bá a lọ sórí òmíràn. Àdán tiwa ń dorí kodò wo ìṣe ẹyẹ, eléyìí ń ṣe bí eku. Kódà, eegun ìgbọ̀nwọ́ Icarops, ìbátan rẹ̀ àtijọ́ ní Riversleigh, Ọsirélíà, fi hàn pé ìrìn ilẹ̀ ti wà nínú ìdílé náà tipẹ́.

Wọ́n lè ní àdán tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ní Amẹ́ríkà náà ń rìn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n amùjẹ̀ ni tìyẹn ń jẹ́, kò sí ìjà níbẹ̀.

Ẹni tó ní ká lo "òòbẹ̀" dípò "àdán" ro ó dáadáa, torí Mystacina tuberculata kò ju gíráàmù 12 sí 15 lọ. Ṣùgbọ́n Vulcanops tó nǹkan bíi 40. Yàtọ̀ síyẹn, Mystacina ń jẹ kòkòrò bí òòbẹ̀, ó tún ń jẹ èso bí àdán. Àdán gba gbogbo wọn mọ́ra.

Ẹ má sì da M. robusta, irú Mystacina kejì, pọ̀ mọ́ àwọn tí wọ́n wú nílẹ̀. Nǹkan bí ọdún 1963 ni eku gba erékùṣù Taukihepa ní Nìú Sílándì, níbi tí àdán náà ń gbé, ọdún 1967 ni wọ́n sì rí àdán náà gbẹ̀yìn. Ẹranko tó ń rìn nílẹ̀, tó ń sùn nínú ihò, kò ṣòro fún eku láti mú. "Èyí tí a kò rí mọ́" ni kí ẹ kọ síwájú orúkọ tirẹ̀, kí ẹ fi "àkúrun" sílẹ̀ fún Vulcanops àti Icarops.