Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì wo ló bá "owó gọbọi" mu?

Ẹ̀yin àgbà ògbufọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń tú ìtàn Yorùbá kan sí Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn òǹkàwé ní Ìlú Ọba, ibi tí ìyá aláta kan ti ń fi ìbànújẹ́ sọ pé "owó gọbọi" ni òun ná sórí ìwòsàn ọkọ òun. Gbólóhùn yìí ni ó há mi lọ́wọ́.

"A lot of money" ni mo kọ́kọ́ kọ, ṣùgbọ́n ó tẹ́ lẹ́nu. "An arm and a leg" kò ṣeé gbọ́ sétí rárá, nítorí ẹsẹ̀ gan-an ni wọ́n gé fún bàbá náà. "A king's ransom" ní iyì, ó ń ránni létí owó tí wọ́n fi ń ra ọba padà lọ́wọ́ ọ̀tá, irú 150,000 máàkì tí wọ́n béèrè lórí Richard Kìíní, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn tí wọ́n mú un ní 1192, síbẹ̀ ó ga ju ẹnu aláta lọ. "A small fortune" ni ọkàn mi fà sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń pe ohun ńlá ní kékeré. Ẹ wo ọgbọ́n Òyìnbó!

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ó lè gbé ìbànújẹ́ ìyá yìí, àbí gbólóhùn mìíràn wà tí ó sàn jù ú lọ? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ ṣáájú.