Orúkọ wo ló yẹ ìrora ọwọ́ àwọn oníkọ̀ǹpútà?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àròjinlẹ̀ o. Mo ti ka "làkúrègbé kọ̀ǹpútà" tí ẹ̀gbọ́n wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó dábàá fún ìrora tó máa ń mú ọwọ́, ọrùn àti èjìká àwọn tó ń tẹ kọ̀ǹpútà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo ti ka "ìfarapa àṣetúnṣe" tí àwọn mìíràn gbè lẹ́yìn náà. Ẹ má bínú, n kò fara mọ́ ọ̀kankan.

Lójú ará Èkó, àgbàlagbà ló ni làkúrègbé. Ẹ sọ fún ọ̀dọ́ tó ń bá àwọn onítẹ̀wé Ṣómólú tẹ̀wé pé làkúrègbé ló mú un lọ́wọ́: bí kò bá rẹ́rìn-ín, á ra agbo, á fi òróró ra ọwọ́, á sì padà sídìí iṣẹ́ bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Orúkọ yẹn ti fi ohun tó fa ìrora pa mọ́ fún un. Àti pé oríkèé là ń sọ tí a bá ní làkúrègbé. Ẹ wá wo ọ̀kan tí àwọn dókítà mọ̀ dunjú nínú ìrora tí à ń wí yìí: iṣan ìmọ̀lára kan gba ihò tóóró kọjá lọ́rùn ọwọ́, ibẹ̀ ni nǹkan ti fún un pọ̀. Àtàǹpàkò àti ìka méjì tó tẹ̀ lé e á máa kú, á máa ta, pàápàá lóru, ọmọńdinrín ò sì ní mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Làkúrègbé wo ló ń ṣa ìka bẹ́ẹ̀?

Ní ti "ìfarapa", ẹni tó ṣubú tàbí tí ọkàdà kọ lù la mọ̀ pó fara pa. Àwọn dókítà Ọsirélíà pàápàá jiyàn gan-an lórí irú orúkọ yìí lẹ́yìn 1980, torí àwọn kan ní kò sí ẹ̀rí pé ohunkóhun fara pa lára ọ̀pọ̀ aláìsàn náà. Ìrora ni gbogbo wọn gbà pó wà. Ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀.

"Àṣetúnṣe" wá kù díẹ̀ káàtó. Ẹni tó di eku kọ̀ǹpútà mú fún wákàtí kan láìmira, tó so èjìká rọ̀, kò tún nǹkan kan ṣe, bẹ́ẹ̀ á sì rora. Ní 1713, Bernardino Ramazzini, oníṣègùn ará Ítálì, kọ̀wé nípa ọwọ́ àwọn akọ̀wé tí kì í sinmi àti ìjókòó wọn tó pẹ́ jù. Àìsinmi ni gbogbo rẹ̀ yí ká.

Ẹnìkan ní ká pè é ní "àṣeèsinmi", bí àwíìgbọ́. Ó dáa, ṣùgbọ́n ta ló ń fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù? Ẹni tó bá sáré kà á lè rò pé ìsinmi là ní kó ṣe. (Àwa tí à ń fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀ gan-an, ẹ ka iye ìgbà tí à ń tẹ bọ́tìnnì. Ọwọ́ tiwa ló máa kọ́kọ́ kú.) Ohun tí mo mú wá ni ìrora àṣemásinmi, bí àwámárìídìí. "Má" inú rẹ̀ kò lè sọnù.

Mo mọ̀ pé Èkó á fẹ́ fi ṣe oríkì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí "ìrora" ṣáájú rẹ̀. Bí iná bá dé ní Yábàá, gbogbo wa la máa ń fẹ́ parí iṣẹ́ kí wọ́n tó mú un lọ, ta ló ráyè nawọ́? Àjọ ààbò lẹ́nu iṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìsinmi ìṣẹ́jú 5 sí 10 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan sàn ju ìṣẹ́jú 20 lẹ́yìn wákàtí 2 lọ. Kí ọrùn ọwọ́ tọ́, kó má tẹ̀ sókè. Kí ìgbọ̀nwọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara. Kí orí ojú kọ̀ǹpútà bá ojú dọ́gba. Èyí tí wọ́n ń gbé lé itan nínú bọ́ọ̀sì lórí Afárá Third Mainland kò lè ṣe ìkankan nínú ìwọ̀nyí.

Ìsinmi kúkurú yẹn náà ò tíì ní orúkọ. "Ìnawọ́" ni mo ń pè é báyìí. Ta ló ní òmíràn?