Ọmọ tó ní Down syndrome: báwo lẹ ṣe kọ́ tiyín ní ìwé kíkà nílé?

Láti Manchester:
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọbìnrin mi tó ní Down syndrome ti pé ọmọ ọdún 4, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò sì tíì tó nǹkan. Àwọn kan ní kí n jẹ́ kó kọ́kọ́ máa sọ̀rọ̀ dáadáa kí n tó gbé ìwé síwájú rẹ̀. Wọ́n tún ní kí n yé sọ Yorùbá sí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti la ọ̀nà yìí kọjá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Láti Croydon:
Ẹ kú ìtọ́jú o, Màmá. Ẹ má dúró de ọ̀rọ̀ ẹnu rárá. Ojú ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa yìí máa ń mú nǹkan ju etí wọn lọ. Ohun tí wọ́n gbọ́ kì í pẹ́ lọ́kàn wọn, omi sì máa ń dúró sínú etí ọ̀pọ̀ wọn tí kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ràn ketekete. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ kọ sórí páálí kì í sá lọ. Bàbá kan, Leslie Duffen, kọ́ Sarah ọmọ rẹ̀ ní ìwé kíkà láti nǹkan bí ọmọ ọdún 3, ó sì kọ lẹ́tà sí Sue Buckley, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Portsmouth. Látorí lẹ́tà yẹn ni obìnrin náà ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, ohun tó sì rí ni pé ìwé kíkà gan-an máa ń fa ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu wọn.

Odidi ọ̀rọ̀ ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀: orúkọ rẹ̀, Mọ́mì, dòdò, ohun tó bá ṣáà ti fẹ́ràn. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà pẹ̀lú lẹ́tà kékeré, ẹ má ya àwòrán sí i, kẹ́ ẹ sì kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí páálí méjì. Kó kọ́kọ́ máa gbé èyí tó bá jọra lé ara wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ méjì síwájú rẹ̀: "Mú dòdò fún mi." Ìgbà tí ìyẹn bá ti rọrùn fún un lẹ ó tó máa bi í pé "Kí lèyí?" Bí kò bá lè pè é, kó fi ọwọ́ ṣe àmì Makaton rẹ̀ (àwọn àmì ọwọ́ tí wọ́n máa ń lò pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu), ìdáhùn nìyẹn náà. Ọ̀pọ̀ òbí máa ń fo ipele àárín yìí torí ara ń kán wọn, ó sì máa ń dùn mí, torí ibẹ̀ lọmọ ti ń ní ìgboyà. Bẹ́ ẹ bá rí i pé ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ lọ síbi tí kò tọ́, ẹ tètè darí rẹ̀. Iṣẹ́jú 5 lójúmọ́ tó o.

Tó bá ti mọ ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan, ẹ fi fótò inú fóònù yín ṣe ìwé fún un: "Dádì ń jẹ dòdò." Ìgbà yẹn lẹ ó wá mú ìró lẹ́tà wọ̀ ọ́.

Láti Toronto:
Ẹ má fi Yorùbá sílẹ̀! Kay-Raining Bird àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà níbí tẹ ìwádìí jáde ní 2005: àwọn ọmọ tó ní Down syndrome tí wọ́n ń gbọ́ èdè méjì ò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì sí àwọn ẹgbẹ́ wọn tó ń gbọ́ ẹyọ kan. Ẹ bá mi yẹ ojú rẹ̀ wò pẹ̀lú, torí ọ̀pọ̀ wọn kì í rí nǹkan tó sún mọ́ wọn dáadáa. Awò bifocal, èyí tí apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà fún ohun tó sún mọ́ni, máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́ gan-an.

Láti Croydon:
Òótọ́ ni. Ẹ̀yin fúnra yín náà lè kọ̀wé sí káńsù pé kí wọ́n yẹ ọmọ wò fún EHCP, ìyẹn ìwé òfin ní England tó ń sọ ìrànlọ́wọ́ tí ọmọ gbọ́dọ̀ rí gbà. Ọ̀sẹ̀ 6 ni wọ́n ní láti fi dá yín lóhùn. Tí wọ́n bá gbà, ẹ rí i pé ìwé kíkà wà nínú Section F, ibi tí wọ́n ń kọ ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́ ọmọ sí.

Láti Manchester:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ìyá mi. Ṣé kí n fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá ni, àbí ó máa dà á láàmú?

Láti Croydon:
Ẹ fi sí i láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lódindi ni ojú rẹ̀ fi ń dá a mọ̀. Ẹ bá kọ ọ́ láìsí àmì lónìí, kẹ́ ẹ wá fi àmì sí i lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ọ̀rọ̀ tuntun ni yóò jẹ́ lójú rẹ̀.